Ọsàn Ara Ògiri

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní àwòrán yíyà. Ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí kòkó àti ọsàn ti ń ṣe dáadáa. Bàbá Ọlọ́dà ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí kò sí ọjọ́ tí ọ̀dà kì í wà ní èékánná rẹ̀. Ó ń gbọ́ orúkọ náà, kò bínú sí i. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ tóun ń ṣe ju kí èèyàn kun ilé lọ, ó sì gbà pé bó pẹ́ bó yá, àwọn tó kù náà yóò mọ̀.

Ẹ jókòó dáadáa, bàbá. Ìwé tí ẹ mú wá, pé ká yọ ọmọbìnrin yín kúrò ní kíláàsì àwòrán nítorí pé dókítà ló fẹ́ dà, ó ti wà níwájú mi. Mi ò kọ̀ ọ́. Ẹ kàn fara balẹ̀ gbọ́ ti ọkùnrin yìí ná kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin yìí ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan pẹ́ńsù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò gbé nǹkan kan síwájú ọmọ náà, ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ ìkòkò tí etí rẹ̀ ti kán, ó lè jẹ́ bàtà tó ti gbó, yóò ní kó máa wò ó títí aago yóò fi lù. Bí aago bá lù, yóò gba nǹkan náà, yóò gbé e pamọ́, yóò wá bi ọmọ náà ní ohun tó rí. Ihò mélòó ni okùn bàtà náà gbà kọjá? Apá wo ni gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ju apá kejì lọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lè dáhùn. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní kí Bàbá kúkú jẹ́ káwọn yà á jàre. Òun náà a rẹ́rìn-ín, a sì tún gbé bàtà náà síwájú wọn.

Ọwọ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n fi mú iṣẹ́ yìí ní ilé-ìwé náà. Ọmọ tí ìṣirò bá ti sú, kíláàsì àwòrán ni wọ́n ń tì í sí. Bí olùkọ́ kan kò bá wá, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ dà sí, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́dà ni. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, òun ni wọ́n ń rán pé kó kọ ẹ kú àbọ̀ sára pátákó. Àlejò yóò dé, yóò yin pátákó náà, kò ní béèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun ọkùnrin yìí. Kì í jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn ún.

Nígbà tó ku ọdún mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá sí ilé-ìwé náà. Obìnrin ni, ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Báyọ́lọ́jì ló kà ní yunifásítì, bó sì ti jẹ́ ọ̀gá tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní báyọ́lọ́jì. Àwọn àwòrán ẹ̀kọ́ tí wọ́n rà sí lábù ti ṣá, ìkán sì ti jẹ etí wọn. Ó pe Bàbá Ọlọ́dà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ya ọsàn tí wọ́n gé ní ìbú sára ògiri lábù, kó tóbi, kí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè rí i. Ó gbé ìwé kan fún un, ó ní èyí tó wà nínú rẹ̀ ni kó wò yà.

Bàbá Ọlọ́dà gba ìwé, ó dúpẹ́, kò ṣí i. Ó lọ sídìí igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ó já ẹyọ kan, ó gé e sí méjì ní ìbú, ó gbé ìlàjì rẹ̀ sórí àwo. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilé-ìwé fi parí. Awẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú ọsàn náà. Mẹ́sàn-án sanra dáadáa. Ìkẹwàá rù, ó há sáàárín méjì bí ẹni tó pẹ́ dé tí wọ́n sún díẹ̀ fún lórí bẹ́ǹṣì, kò sì ní kóró kankan. Lápá ọ̀tún, kòkòrò ti jẹ èèpo rẹ̀ wọlé, ó dá ihò kékeré kan síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yà. Ó ya awẹ́ tó rù, ó ya ihò kòkòrò. Ó yà á tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, omi ọsàn náà sì ń dán lára ògiri débi pé ẹni tó bá wọlé a máa gbé itọ́ mì.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé rẹ̀, èyí ló dára jù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí wá wò ó. Àwọn olùkọ́ láti ilé-ìwé mìíràn wá wò ó. Nígbà míì, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, Bàbá Ọlọ́dà a yọ́ wọ lábù, a káwọ́ sẹ́yìn, a máa wo ọsàn rẹ̀. Orí rẹ̀ a wú.

Ọ̀gá àgbà náà fẹ́ràn àwòrán yìí. Láti ọjọ́ tí ọ̀dà ti gbẹ ló ti jáwọ́ nínú kíkó ọsàn wá sí kíláàsì. Kí ló tún fẹ́ fi ọsàn tí yóò jẹrà ṣe, nígbà tí èyí tó tóbi tó sì mọ́ tónítóní wà lára ògiri? Ọ̀pá ló ń nà sí i. Awẹ́ mélòó? Àwọn ọmọ a dáhùn pé mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kà á, tí wọ́n fi ń yà á sínú ìwé, tí wọ́n sì ń gba máàkì kíkún lórí rẹ̀.

Ní ọdún kẹta yìí kan náà ni ọ̀gá àgbà jókòó ti táìmù-tébù, tó rí i pé àkókò kò tó fún sáyẹ́ǹsì. Ó wò yíká. Ó rí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà tó bá yàn án ń lò fún àwòrán, ó gbà á, ó fi kún báyọ́lọ́jì. Ó kó tábìlì Bàbá Ọlọ́dà síta, ó fi yàrá rẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ń kó ìgò kẹ́míkà sí. Ó pè é láti sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọkùnrin náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní àwọn ọmọ kékeré nìkan ni yóò máa kọ́ títí ọdún yóò fi parí, lẹ́yìn náà òun yóò fi í ṣe alábòójútó oko ilé-ìwé. Bàbá béèrè ìdí.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwòrán dára, ó ń mú ilé-ìwé wuni. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọmọ kan níbí tó ti ipasẹ̀ rẹ̀ wọ yunifásítì. Ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ."

Bàbá Ọlọ́dà gbé tábìlì rẹ̀ lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọ̀rọ̀ oko kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó mọ̀ pé bí òun bá kúrò báyìí, wọn kò ní gba ẹlòmíràn sípò òun mọ́. Ẹ̀kọ́ náà yóò bá òun lọ sílé, gbogbo ohun tóun ti fi ogún ọdún ó lé ṣe yóò sì di pátákó ẹ kú àbọ̀ lásán.

Ọmọ mẹ́fà péré ló tẹ̀lé e lọ sábẹ́ igi. Ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni gbogbo wọn. Ọjọ́rú ni wọ́n ń wá, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, láìsí máàkì, láìsí ẹni tó fi dandan lé e. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi wọ́n bóyá bàtà ti bí ọmọ. Àwọn mẹ́fà náà ń wo bàtà, wọ́n ń wo ewé, wọ́n ń wo èso tó bá já bọ́ láti orí igi, Bàbá Ọlọ́dà sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè bó ṣe máa ń bi àwọn ọmọ látijọ́.

Nígbà tó yá, ìdánwò àpapọ̀ dé, èyí tí gbogbo ilé-ìwé agbègbè náà máa ń ṣe ṣáájú àṣekágbá. Ilé-ìwé tí wọ́n bá ká jìbìtì mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jókòó fún àṣekágbá lọ́dún náà. Ọ̀gá àgbà mọ òfin. Òun fúnra rẹ̀ ló ta aṣọ dúdú bo ọsàn ara ògiri, ó kàn án mọ́ ọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi ti báyọ́lọ́jì, wọ́n fún ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì méjìdínláàádọ́ta ní ìlàjì ọsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n yà á bí wọ́n ṣe rí i. Inú àwọn ọmọ dùn, nítorí wọ́n ti mọ ìbéèrè náà láti ọdún mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, olùdánwò méjì dé pẹ̀lú fáìlì. Èyí àgbà nínú wọn, bàbá kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn, kò gba omi tí wọ́n gbé fún un. Ó tẹ́ ìwé àwọn ọmọ sórí tábìlì ọ̀gá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjìlélógójì ló ya ọsàn kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n jọra. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Awẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan rù láàárín, kò ní kóró, ihò kòkòrò wà lápá ọ̀tún. Àwọn mẹ́fà tó kù ya tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí méjì tó bá ara mu nínú wọn. Àgbà olùdánwò ní kòkòrò wo ló lè jẹ ọsàn méjìlélógójì níbì kan náà gan-an? Ó fẹ́ mọ ẹni tó yà á fún àwọn ọmọ.

Ọ̀gá àgbà búra pé kò sẹ́ni tó yà á fún wọn. Wọ́n ní kó mú àwọn lọ sí lábù. Wọ́n bá aṣọ dúdú lára ògiri, àgbà olùdánwò sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Awẹ́ tó rù rèé, ihò kòkòrò rèé. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ó ní wọ́n ti ṣí aṣọ nígbà ìdánwò, wọ́n sì kàn án padà. Ọ̀gá àgbà rí ipò rẹ̀ tó ń lọ, ó rí ọmọ méjìdínláàádọ́ta tí odidi ọdún kan fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n bi í pé ta ló ya nǹkan yìí. Ó ní kí wọ́n lọ pe Bàbá Ọlọ́dà.

Bàbá Ọlọ́dà dé pẹ̀lú eruku pápá lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, wọ́n kó àwọn ìwé náà lé e lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, orí rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Ọmọ méjìlélógójì ló ya ọsàn rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó gbàgbé ihò kòkòrò. Ohun kejì tó wá sí i lọ́kàn burú ju ìyẹn lọ. Ó rí i pé bí òun bá ti dákẹ́, obìnrin tó kó tábìlì òun síta yóò kó tirẹ̀ náà síta kí oṣù tó parí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń yẹ ìwé náà wò. Ó dé orí ọ̀kan tí ìlà rẹ̀ mọ́ gaara. Ọwọ́ tó balẹ̀ ló fà á, ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ gidi. Ọsàn ọmọ náà wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo àkókò tó fi ń yà, kò sì rí i. Inú Bàbá Ọlọ́dà bàjẹ́, ìwúrí tó ní lẹ́ẹ̀kan sì kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Sà, àwọn ọmọ yìí kò jí nǹkan kan wò. Ẹni tó bá jí nǹkan wò, ó kúkú wò ó. Àwọn wọ̀nyí kò wo nǹkan kan rárá. Ọsàn wà lọ́wọ́ wọn, ti inú orí wọn ni wọ́n yà."

Àgbà olùdánwò ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Bàbá Ọlọ́dà ní kó kó wọn jáde sí pápá, níbi tí kò ti sí ògiri. Ó ní kó rán awakọ̀ rẹ̀ lọ ra ọsàn níbi tó bá wù ú nínú ìlú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n to àwọn ọmọ méjìlélógójì sórí koríko, ẹnì kan jìnnà sí ẹnì kejì. Àgbà olùdánwò gé ọsàn fúnra rẹ̀, ó fún oníkálukú ní ìlàjì, ó ní kí wọ́n ya èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó tó ìdajì wákàtí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wọn.

Awẹ́ mẹ́wàá. Awẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan rù láàárín, ihò wà lápá ọ̀tún. Ó dúró lẹ́yìn olórí kíláàsì, ọmọbìnrin kan tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀ pé òun ló mọ̀wé jù. Ó ní kó fi ìka ka awẹ́ ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kà á, ó jẹ́ méjìlá. Ó ní kó ka èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó kà á, ó jẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ọsàn, ó tún wo ìwé. Ó kúnlẹ̀, nítorí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó jọ pé ọsàn yìí ló ní àléébù, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà gbé ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ náà. Òun ló kọ́ ọ.

Àgbà olùdánwò fagi lé ẹ̀sùn jìbìtì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní máàkì fún ọsàn tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oṣù kan lòun fún wọn. Òun yóò padà wá pẹ̀lú ọsàn, wọn yóò tún un yà lójú òun, bí wọn kò bá sì lè yà á, kí wọ́n gbàgbé àṣekágbá lọ́dún náà. Ó wá gbé ìwé àwọn mẹ́fà sókè, ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà ní Bàbá Ọlọ́dà ni. Ó béèrè kíláàsì tó ti ń kọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà kàn nawọ́ sí abẹ́ igi fúrúùtù.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà lọ bá a níbẹ̀, kò ránṣẹ́ pè é. Ó kúnlẹ̀ kí i, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti dé ilé-ìwé náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ òun. Bàbá Ọlọ́dà lè ní kó kọ́kọ́ dá yàrá òun padà. Ó lè rán an létí oko. Mi ò ní sọ pé kò ro ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ohun tó béèrè yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ní òun fẹ́ kun ògiri lábù ní funfun.

Ọ̀gá àgbà kọ̀. Ó ní iṣẹ́ tó dára jù ní ilé-ìwé náà nìyẹn, pé gbogbo agbègbè ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ọlọ́dà ní, "Mo mọ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo yà á. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní rí òmíràn."

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe kíláàsì sáyẹ́ǹsì jọ sí lábù. Ó ti po ọ̀dà funfun sínú korobá. Ó gun àga, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, orí awẹ́ tó rù ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Olórí kíláàsì bú sẹ́kún. Nígbà tó dé ibi ihò kòkòrò, ó dúró díẹ̀, ó sì kùn ún kọjá. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kò sí ọsàn lára ògiri mọ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ọsàn kan jáde, ó fún oníkálukú ní ìlàjì. Ó wá ní kí wọ́n kó gbogbo pẹ́ńsù wọn wá, ó dà wọ́n sínú agolo kan, ó fi ọmọrí dé e. Wíwò nìkan ni iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Ó gba ọsàn tirẹ̀ bí àwọn ọmọ ṣe gbà á. Ó kà á, ó tún un kà. Mẹ́sàn-án ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi kọ́ báyọ́lọ́jì, kò rí ọsàn aláwẹ́ mẹ́sàn-án rí, tàbí ká sọ pé ó ti rí i, kò wò ó. Nígbà tí aago lù, tí Bàbá Ọlọ́dà gba àwọn ọsàn padà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè, ó nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní mẹ́sàn-án ni tòun, pé méjì nínú wọn kò ní kóró. Bàbá Ọlọ́dà ní ó káre. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Fún oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọn kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Wọ́n ń wò, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ń ṣì í. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dá pẹ́ńsù wọn padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo ìwé pẹ́ ju bó ṣe wo ọsàn lọ, yóò gba pẹ́ńsù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó le mọ́ wọn. Àwọn mẹ́fà tó ti ń wá sábẹ́ igi ni wọ́n ń ran àwọn tó kù lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó tún bi wọ́n bóyá bàtà ti bí ọmọ.

Ọjọ́ pé, àgbà olùdánwò dé pẹ̀lú àpò ọsàn. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ló jókòó, títí kan àwọn mẹ́fà, nítorí wọ́n ní àwọn náà fẹ́ tún un yà. Nígbà tí wọ́n parí, ó tẹ́ ìwé wọn sórí tábìlì, ó kó ọsàn wọn tì í. Kò sí ọsàn méjì tó jọra. Ọmọkùnrin kan ya ìdin kékeré tó wà nínú tirẹ̀, kò fi ibi tó ti wọlé sílẹ̀. Olórí kíláàsì ya awẹ́ mẹ́tàlá. Àgbà olùdánwò ka ọsàn ọmọ náà, ó ní méjìlá lòun rí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Mẹ́tàlá ni.

Bàbá Ọlọ́dà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ẹ wo bí inú ọkùnrin náà ṣe dùn tó. Ó ti dúró níwájú ògiri yẹn lọ́pọ̀ ìgbà tí orí rẹ̀ ń wú, ṣùgbọ́n kò wú tó báyìí rí. Kò sí nǹkan kan lára ògiri náà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kan ló fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àgbà kò rí, tó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, òun ló sì kọ́ ọmọ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n kó ìgò kẹ́míkà kúrò ní yàrá rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ wọlé padà. Àwòrán padà sórí táìmù-tébù, ọmọ sáyẹ́ǹsì kankan kò sì gbọdọ̀ sọ pé òun kò ní ṣe é. Nígbà tí Bàbá Ọlọ́dà fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà abẹ́ igi ni, tó ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ dé, òun ló sì ń kọ́ ọmọbìnrin yín lónìí. Ògiri lábù ṣì funfun. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí ògiri kan fi wà lófìfo báyẹn, a máa ń fi ìyangàn sọ fún wọn pé iṣẹ́ tó dára jù ní ilé-ìwé wa wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo mọ gbogbo rẹ̀ tó báyìí. Èmi ni obìnrin tó kó tábìlì rẹ̀ síta. Èmi ni mo ní ọ̀ṣọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ẹ mú wá kò fi bí mi nínú, nítorí èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí.

Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ ṣe dókítà, pé kò ní àkókò tí yóò fi ṣòfò. Mo gbà pé dókítà ni yóò dà. Ó mọ̀wé, ó sì lẹ́kọ̀ọ́. Ọsàn kan rèé lórí àwo, ọ̀bẹ rèé. Kí ẹ tó gé e, ẹ sọ fún mi, awẹ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ẹ ò rí i, ẹnu yín ti fẹ́ pe iye kan. Ẹ gé e ní ìbú. Ẹ fi ìka kà á.

Lọ́jọ́ kan, ohun tí yóò wà níwájú ọmọ yín kò ní jẹ́ ọsàn. Èèyàn ni yóò jẹ́, lórí ibùsùn, ìyá ẹnì kan tàbí bàbá ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an. Ara aláìsàn náà kò ní rí bí èyí tó wà nínú ìwé. Dókítà tó bá mọ ìwé nìkan, yóò ní aláìsàn náà ló ní àléébù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń wò. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yín, gègé rèé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ iye awẹ́ tí ẹ kà fún mi ná.